Kòkòrò Ìwọ̀ Tó Tọ́jọ́ fún Epìyà Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Kòkòrò ìwọ̀ onífóòmù ni kí ẹ rà. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè lè mú ìyẹn lọ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ráyè, tó sì fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ní kó fi àwọn oníyẹ̀ẹ́ tó rẹwà inú páálí yẹn sílẹ̀, kó fa àga jókòó.

Ọ̀rọ̀ páálí kòkòrò ìwọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dry fly. Ìwọ̀ kéékèèké ni wọ́n, wọ́n fi òwú di ìyẹ́ adìẹ, irun ẹran tàbí fóòmù mọ́ wọn lára títí wọ́n fi jọ kòkòrò tó já bọ́ sínú omi. Wọn kò gbọdọ̀ rì. Ẹja ni yóò gbéra nísàlẹ̀ wá bá wọn lókè. Ẹ̀yà márùn-ún ló wà nínú páálí náà, mẹ́rin-mẹ́rin: Adams, Elk Hair Caddis, yímíyímí onífóòmù, aláǹtakùn onífóòmù tó ní ẹsẹ̀ rọ́bà, àti popper kékeré tí ojú rẹ̀ jin kòtò díẹ̀. Bùọ̀dá mi tó ń gbé ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ló bá mi rà á lọ́wọ́ àwọn kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fún panfish ni, pé ó lágbára, pé ó tọ́jọ́. Bí a bá pín owó rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí bíi dọ́là méjì. Ẹ ṣírò ìyẹn sí náírà, kí ẹ sì rántí pé ẹja kan ṣoṣo lè já a gbé lọ. Owó méjì péré nínú wọn á ra ìwọ̀ lásán àti okùn tí ọmọ kékeré yóò fi pẹja ní Ẹ̀pẹ́ níbí títí yóò fi sú u. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọjà òun tọ́jọ́, mo máa ń fẹ́ rí i.

Bluegill ni olórí àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní panfish lọ́hùn-ún. Ẹja pẹlẹbẹ ni, kì í sábàá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ kéré, ó sì dùn ún dín. Bùọ̀dá mi ní tí omi bá ti ń lọ́wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, akọ rẹ̀ á fi ìrù gbẹ́ kòtò sí etí omi tí kò jìn, á wá máa ṣọ́ ọ, ohunkóhun tó bá bọ́ sórí kòtò náà ni yóò gbá mú. Ìgbà yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún á pa á. Epìyà tiwa kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àmọ́ tí ẹ bá tẹ́ àwọn méjèèjì sínú àwo kan náà, ẹ óò gbà pé wọ́n fojú jọra. Ìyẹn ni bùọ̀dá mi fi tì mí sí i: “Ìwọ tí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé rẹ, kí lo tún ń dúró dè?”

Aránṣọ ni mí. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí èbúté. Bí mo bá ti kírun Alásárì tán, tí kò sí oníbàárà tó dúró lé mi lórí pé aṣọ ọjọ́ Sátidé òun dà, ọ̀pá ìwọ̀ ni mò ń gbé. Ọ̀pá fly rod nọ́ńbà mẹ́rin ni, bùọ̀dá náà ló fi ránṣẹ́. Kòkòrò ìwọ̀ fúyẹ́ débi pé kò ṣe é jù bí a ṣe ń ju ìwọ̀ tó ní òjé nídìí. Okùn rẹ̀ ló nípọn, tó sì wúwo. Okùn ni à ń jù, òun ni yóò gbé kòkòrò dé ibi tó ń lọ. Ó gba kí èèyàn kọ́ ọ díẹ̀, àwọn ọmọ èbúté sì ti rẹ́rìn-ín mi tó. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní.

Nígbà tí mo ṣí páálí, òwú ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí òwú ni mo fi ń jẹun.

Adams ló rẹwà jù nínú wọn. Leonard Halladay ló kọ́kọ́ dì í, ní Michigan yẹn náà, ní ọdún 1922, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Adams, pè é. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń pẹja trout ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: irun eérú ló bo ara rẹ̀, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ méjì, pupa kan àti abilà kan, ni wọ́n sì wé pọ̀ yí ọrùn ìwọ̀ ká, tí fọ́nrán wọn nà síta yí po. Àwọn fọ́nrán yẹn ló ń gbé e dúró lórí omi. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀pá ìyẹ́ tó wé mọ́ ìwọ̀ yẹn kò ní ohunkóhun tó dè é láàrin. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ nìkan ni òwú mú. Epìyà sì ní eyín wẹ́wẹ́ tó tò mọ́ra lẹ́nu. Bí eyín bá ti já ọ̀pá ìyẹ́ níbì kan péré, gbogbo rẹ̀ ló ń tú, bí ẹnu àpò ìrẹsì ṣe ń tú fàà tí èèyàn bá rí ojú òwú tó yẹ fà. Ẹja mélòó kan lásán, ìyẹ́ ti ń wọ́ tẹ̀lé ìwọ̀ lẹ́yìn, ara irin ti hàn síta. Èyí tí eyín bá ṣẹ́kù, pláyà ni yóò parí rẹ̀. Ẹnu epìyà kéré, ó sì máa ń fa kòkòrò wọlé jìnnà. Bí ẹ bá ki ẹnu pláyà bọ̀ ọ́ láti yọ ìwọ̀, ìyẹ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ fà jáde. Mẹ́rin ni Adams tó wà nínú páálí mi. Ìkẹrin wà ní ara ògiri ìsọ̀ mi báyìí, mo fi pín-ìn-nì kàn án mọ́bẹ̀, torí ó wu àwọn oníbàárà í wò.

Elk Hair Caddis sàn jù ú lọ fíìfíì. Al Troth tó dì í ní Pennsylvania ní ọdún 1957 mọ ohun tó ń ṣe: ó wé ìyẹ́ mọ́ ara ìwọ̀ látòkè délẹ̀, ó wá fi wáyà tín-ín-rín wé e lódìkejì, kí wáyà lè gorí ọ̀pá ìyẹ́ lọ́pọ̀ ibi. Bí eyín bá já a níbì kan, wáyà ṣì mú un níbòmíràn. Irun elk, ẹran ìgbẹ́ ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, ni wọ́n fi ṣe apá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà nínú irun yẹn, òun ló ń mú un léfòó.

Tèmi ní wáyà náà, mo fi abẹ́rẹ́ wá a kàn. Àmọ́ ẹni tó dì í ṣahun òwú. Níbi orí tó yẹ kó ti fún irun náà dáadáa, ó wé òwú díẹ̀, ó ta kókó, ó gé e, kò kan gọ́ọ̀mù kankan sí i. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan títí kòkòrò fi pá lórí. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan súpà gúlù bíńtín sórí àwọn tó kù, wọ́n sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn. Ohun kan tí gúlù kò lè tún ṣe ni pé ara epìyà ń yọ̀. Ohun tó ń yọ̀ yẹn bá ti mọ́ irun, kòkòrò á máa rì. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò ṣàn án, ẹ óò fi aṣọ fún un, ẹ óò fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, kó tó tún lè léfòó. Kó tó gbẹ, ẹja yòókù ti lọ.

Ó wá ku yímíyímí, tí mo gbé iṣẹ́ yìí nítorí rẹ̀.

Kò lẹ́wà rárá. Ègé fóòmù dúdú tó nípọn tó mìlímítà méjì ni wọ́n dì mọ́ ìdí ìwọ̀, wọ́n ká a bo ẹ̀yìn, wọ́n tún dì í lọ́rùn, wọ́n ki ẹsẹ̀ rọ́bà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì lẹ ègé fóòmù aláwọ̀ ọsàn mọ́ ọn lórí kí ojú apẹja lè máa rí i. Ó tán. Àmọ́ ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú irú fóòmù yìí di lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, omi kò lè gba inú ọ̀kan wọ ìkejì. Bí eyín bá gé e jẹ, ibi tó kù kò ní mu omi. Ẹ kò ní fún un, ẹ kò ní fẹ́ ẹ, ẹ kò ní kùn ún ní òróró kankan. Ẹ óò yọ ọ́ lẹ́nu ẹja, ẹ óò sì tún jù ú padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ẹ di ẹnu ìwọ̀ mú lọ́wọ́ kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀ rọra yí fóòmù náà. Bó bá yí, wọn kò dì í dáadáa. Nínú mẹ́rin tèmi, méjì ń yí gbirigbiri. Irú èyí á dorí kodò lórí omi, fóòmù á yí bọ́ síhà ẹnu ìwọ̀, á dí i pa. Ẹja á gbé e, ẹ óò fà, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòro í mọ̀: irin ń yọ̀, wọ́n sì gbé fóòmù lé e lásán. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi òwú wé gbogbo ara ìwọ̀ náà, kí wọ́n kan gọ́ọ̀mù sí òwú yẹn, kí fóòmù lè rí ibi dì mú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó.

Mo tú àwọn méjèèjì palẹ̀, mo tún wọn dì lórí tábìlì ìránṣọ mi. Òwú pólísítà tín-ín-rín ni mo lò, mo fà á gba inú ìda oyin kọjá kó lè máa lẹ̀ mọ́ra, mo wé e mọ́ irin ní ìtòtò, mo kan súpà gúlù, mo tẹ fóòmù lé e kó tó gbẹ, mo wá fún un lọ́rùn. Ó dì pinpin. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo ṣì ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọ̀ ọsàn orí rẹ̀ ti ṣí, ẹsẹ̀ kan ti lọ, àpá eyín ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì rì rí.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nítòsí ibi tí mo máa ń dúró sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí yímíyímí yìí, ó ní, “Ìyá Aránṣọ, ṣé fóòmù bẹ́ẹ̀dì lo wá fi ń tan ẹja jẹ báyìí?” Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.” Nígbà tí epìyà jáde, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n mú kòkòrò náà wá, ó fi èékánná tẹ fóòmù, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i bí mo ṣe ní kí ẹ máa yí i yẹn, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó ní, “Èyí dì.” Ó dá a padà fún mi, ó sì ń bá àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Bàbá yìí náà ló là mí lóye nípa àwọn ọjọ́ tí ẹja kì í dá kòkòrò lóhùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni epìyà máa ń jẹ lókè bíi bluegill. Ewé inú omi àti ohun tó bá rà sínú ẹrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, ìpápánu ni kòkòrò jẹ́ fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yà epìyà ọ̀sà kan wà tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ọmọ yóò fi yọ. “Akọ tó gbọ́mọ sẹ́nu,” Bàbá ní, “kí ló fẹ́ fi jẹ tìẹ?” Kò sí kòkòrò dọ́là méjì tó lè dáhùn ìyẹn. Ìgbà tí mo bá rí irú wọn, tí wọ́n kàn ń wo fóòmù lókè tí wọn kò mira, mo máa ń ká okùn mi ni, mo lọ síbòmíràn.

Etí òṣíbàtà ló dára jù láti jù ú sí, àti etí water hyacinth, níbi tí kòkòrò gidi ti ń já bọ́ láti orí ewé. Koríko hyacinth yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi Badagry, ó sì ti di onílé. Bó bá pọ̀ jù lójú omi, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ̀pá yín. Ìwọ̀ á há sí i, ẹ óò fà, okùn á já, owó á lọ. Ọ̀rọ̀ pé kòkòrò tọ́jọ́ tàbí kò tọ́jọ́ kò dé ibẹ̀ yẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ dé. Òjò á rọ̀ lọ́sàn-án, bó bá ti ń ṣú èsúnsún á bo gbogbo iná èbúté, àwọn ọmọdé á gbé ọpọ́n omi sábẹ́ iná láti kó wọn fún yíyan, ìyẹ́ wọn á tẹ́ sórí omi lọ salalu. Ẹ óò wá máa gbọ́ ẹnu ẹja lórí omi: pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó wà nínú páálí yìí tí epìyà kò ní gbé, Adams pàápàá á gbé e. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ẹni tó bá yin Adams jà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni èèyàn kì í fẹ́ máa tú kòkòrò tó bàjẹ́, kó máa so òmíràn nínú òkùnkùn, nígbà tí ẹja ń jẹun níwájú rẹ̀. Yímíyímí kan ṣoṣo ni mo máa ń so, mo sì ń lò ó títí wọn yóò fi pe ìrun Iṣáì.

Aláǹtakùn onífóòmù kò burú. Ara rẹ̀ kò ní wàhálà, ẹsẹ̀ ló ní. Ẹsẹ̀ rọ́bà náà gùn jù, epìyà a máa fa ìka ẹsẹ̀ lásán láìgbé ìwọ̀ rárá, wọ́n á fà á já, wọ́n á sì lọ. Ẹ mú síṣọ́ọ̀sì, kí ẹ gé e kó má gùn ju ìwọ̀ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tán, ẹ tú rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ óò rí fọ́nrán rọ́bà wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ tó ṣe é fi pààrọ̀. Mo ti ṣe é, ó sì tọ́jọ́ ju ti wọn lọ.

Bí ẹ bá fa popper lórí omi, ojú kòtò rẹ̀ ń pariwo jù fún epìyà. Ẹja kan wà ní etí omi wa tó ní àmì dúdú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ń lé ẹja wẹ́wẹ́ jẹ, ìyẹn fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Tí kì í bá ṣe òun lẹ ń wá, ẹ fi popper sílẹ̀.

Ohun tí wọn kò kọ sára páálí ni ti ìpẹtà. Ìwọ̀ tí wọ́n lò kì í ṣe stainless. Tí ẹ bá dé e mọ́nú páálí pẹ̀lú omi lára, nínú ọ̀rinrin Ẹ̀pẹ́ yìí, ìpẹtà á mú un kí fóòmù tó bàjẹ́. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ wá kó àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà àti báàgì tuntun, èyí tó ń fa omi, sínú páálí náà. Ẹni tó bá sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ dì í, kó wá fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, mìlímítà méjì náà ni. Ti sílípáàsì le jù, kì í ṣe é ká.

Tí rírà lẹ máa rà á, ẹ má ra páálí àdàlù bíi tèmi. Yímíyímí nìkan ni kí ẹ béèrè. Nọ́ńbà 10 ló bá epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́ mu, 12 fún àwọn tó kéré sí i. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, kí ẹ má baà ṣì í mú. Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò. Elk Hair Caddis méjì lè tẹ̀ lé e nítorí èsúnsún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbà á padà bí fóòmù rẹ̀ bá ń yí, kí wọ́n sì kọ èsì náà sílẹ̀ fún yín. Wọ́n á fẹ́ ta gúlù tiwọn mọ́ ọn, nínú ìgò kékeré kan tó wọ́n bí ojú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Súpà gúlù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa níbí ni mo lò.